Adágún Tí Kò Gbomi Dúró

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì lọ láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe ń pe ìyàwó mi nìyẹn láti ọdún mẹ́rìnlélógójì tí mo ti fẹ́ ẹ. Kó tó wọ mọ́tò, ó fi ìwé yìí lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa kọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sínú ẹ̀. Mo ní kí ló fà á? Ó ní, "Torí tí mo bá padà dé tí mo bi ọ́, irọ́ lo máa pa fún mi." Ẹni tó ń lọ sílé lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ojú ló ń dùn ún, ẹnu ò ṣe é ní nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ní òun máa lò. Ó fi àwọn mọ́kànlá tó wà ní kíláàsì ìrìbọmi ẹ̀ sílẹ̀ fún mi. "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tú ká." Mo ní ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni? Ó fi àpò ọwọ́ ẹ̀ gbá mi lápá, ó wọlé sínú mọ́tò, kò sì wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo padà délé, bàtà mi kún fún eruku. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ wọ iyàrá. Mo dúró láàárín ilé, mo ń retí kí ẹnì kan pariwo lé mi lórí. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ìgbà tó yá, mo wá àkísà, mo nu ilẹ̀.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ karùn-ún

Pásítọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ọmọdé ni sí mi, àkọ́bí mi fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bí ẹni tó dàgbà jù mí. Ó ní odò tí a fi ń ṣe ìrìbọmi ti gbẹ, màlúù ló ń mu ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù, wọ́n sì ń tọ̀ sí i. Ó fẹ́ kí a mọ adágún sínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn àga ìwàásù.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ lè ṣe é."

Inú mi dùn, mi ò kàn jẹ́ kó hàn. Nínú ìwé àwọn ìgbìmọ̀ tó rán wa wá sílẹ̀ yìí, "Nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀" ni wọ́n kọ. Ẹrù ni wọ́n fi mí pè. Ọdún mẹ́fà rèé tí ẹrù ti ń kan àga, ilẹ̀kùn, òrùlé àti bẹ́ẹ̀dì ilé ìtọ́jú fún wọn.

Sìmẹ́ńtì ti wọ́n sí i láti oṣù tó kọjá. Ẹni tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ bí ìbejì.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹfà

Mo di tíṣà lónìí. Ìdáríjì ni mo kọ́ wọn. Mo rò pé mo ṣàlàyé dáadáa, àfi ìgbà tí Ìyá Kúkúrú nawọ́ sókè. Ẹgbẹ́ mi ni obìnrin yìí, èjìká mi ni orí ẹ̀ mọ. Egbò ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ìyàwó mi fi ọdún méjì wẹ̀, ibẹ̀ ló ti tẹ̀ lé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, "Arúgbó, tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ mí, ṣé mo lè kọ́kọ́ nà án kí n tó dárí jì í?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ bi Pásítọ̀.

Ó ní, "Ìyàwó ẹ ì bá ti dáhùn. Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Mo ní, "Obìnrin tó ń jẹ adìẹ lójoojúmọ́ nílé? Kí ló fẹ́ wá wò lójú ẹ?"

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú nìkan ni fóònù ti ń mú níbí. Mo bẹ orúnkún mi méjèèjì títí mo fi gùn ún. Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún, wọ́n dì í pa.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo jẹun."

"Kí lo jẹ?"

"Ohun tí mo sè."

"Pẹ̀lẹ́ o, ìyà ń jẹ ọ́."

Fóònù já. Mo sì ń dáhùn lọ.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ kejìlá

Bíríkìlà ní kí n ṣe àpótí pákó tí òun máa da kọnkéré yí ká. Tí kọnkéré bá ti gan, a ó yọ àpótí kúrò, adágún á dúró. Ọmọ ìlú yìí ni, eyín iwájú méjì ti ṣófo lẹ́nu ẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Mo ti ń ṣe àpótí náà láti Mọ́ńdè. Gbogbo igun ẹ̀ ni mo gbẹ́ ihò sí, mo gbẹ́ ahọ́n sí pákó kejì, mo kì í bọ̀ ọ́, mo fi àtè lẹ̀ ẹ́. Bí o bá fọwọ́ rá ojú ẹ̀, wàá rò pé gíláàsì ni. Bíríkìlà dé, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ẹwà iṣẹ́ ló pa á lẹ́nu mọ́.

Fúráìdé, ọjọ́ kẹrìnlá

A da kọnkéré. Ọwọ́ mi gan ju kọnkéré lọ.

Lóru, mo ta jí lójijì. Tí mo bá ń hanrun, ìgúnpá ni Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì máa fi ń gún mi níhà. Mo jí, mo ní, "Mo ti gbọ́, mo ti yí padà." Ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Túsìdé, ọjọ́ kejìdínlógún

Àpótí kọ̀, kò jáde.

A fà á, kò jáde. A fi irin wọ́ ọ, kò mira. Bíríkìlà jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀.

"Bàbá, ìṣó kéékèèké ni wọ́n fi ń kan irú àpótí yìí, kó lè já wẹ́rẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù lẹ ṣe! Ṣé ẹ fẹ́ kó aṣọ Màmá sínú ẹ̀ ni?"

"O rí i lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé àṣà yín ni."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe kápẹ́ńtà, mi ò ṣe iṣẹ́ tó dára tó èyí rí, òun náà ni mo wá ń fi òòlù fọ́.

Fúráìdé, ọjọ́ kọkànlélógún

Ó jáde lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Wẹ́wẹ́ ló jáde. Nítorí òòlù tí mo ń lù, kọnkéré ya díẹ̀ ní igun kan. Bíríkìlà ní òun á rẹ́ ẹ, kò ní hàn. Mo ní kí n fọwọ́ ara mi rẹ́ ẹ, èmi ni mo ba á jẹ́.

Pásítọ̀ ya fọ́tò fún ìròyìn tó ń kọ sílé. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún

Ojú ọ̀tún kò là.

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán. "Wọ́n tú u, mi ò rí nǹkan kan. Èyí tó kù náà ti ń ṣú, bí ìgbà tí èéfín bá kún ilé. Ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe é."

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

Ó ní, "Kí wọ́n tó bo èyí tó kù, mo fẹ́ rí ọ."

Mo ní, "Ojú mi yìí? Kí ló wà níbẹ̀ tó ò tíì rí kó sú ọ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wá. Mi ò mọ̀ bóyá á là."

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí n wọ mọ́tò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó jágbe mọ́ mi. Kí n rí i pé wọ́n ri àwọn mọ́kànlá náà bọmi kí n tó kúrò. Ó ní ọdún méjì lòun fi kó wọn jọ, tí èmi náà bá lọ láìṣe é, ìdajì wọn á padà sílé wọn, wọn ò ní wá mọ́. "Tó o bá fi wọ́n sílẹ̀ wá, ojú kan tó kù yìí, mi ò ní fi wò ọ́."

Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta. Mi ò rántí bí mo ṣe sọ̀.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlélógún

Pásítọ̀ kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé tí a bá ti ṣe ìrìbọmi tán, Bàbá Kápẹ́ńtà á máa lọ bá Màmá nílé. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ̀rọ̀ ojú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa kí mi pẹ̀lẹ́ káàkiri bí ẹni tí wọ́n gbé wá láti ìsìnkú.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n yí mi ká. Màmá ńkọ́? Mo ní ó wà pa, ó ti sanra, aṣọ ò kàn án mọ́.

Ìyá Kúkúrú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó bá sanra tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó lè rìn padà wá."

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ibi tí mo rẹ́ ti gbẹ. Mo fi pákó dí ẹnu páìpù tí omi adágún máa gbà jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo wé àkísà mọ́ ọn. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ fi fa omi láti inú kàǹga. Ó kún dé àyà mi. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó bí ẹni tó ra mọ́tò tuntun.

Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìrìbọmi. Mọ́ńdè, mo ti wà lọ́nà.

Fúráìdé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Omi ti lọ. Gbogbo ẹ̀. Ẹrẹ̀ díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀.

Mo sáré lọ wo pákó tí mo fi dí páìpù, ó wà níbẹ̀ gbọnin. Igun tó ya ni. Òòlù mi ni.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Kò sí ìrìbọmi. Pásítọ̀ wàásù fún wákàtí méjì lórí sùúrù. Mo sùn lé e.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹfà

Mo ti ha igun náà, mo ti tún un rẹ́, mo rẹ́ gbogbo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ ọn. Sìmẹ́ńtì tún ti wọ́n sí i. A fa omi sí i láàárọ̀. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ti fà dé orúnkún.

Bíríkìlà wá wò ó, ó fọwọ́ kan ibi gbogbo. Ó ní òun ò rí ibi tó ń gbà jò. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Lórí fóònù, Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé ó ti gbomi dúró?"

Mo ní, "Ó ń gbìyànjú."

Ó ní àwọn tó wà níwájú òun ti di òjìji báyìí, ohùn lòun fi ń mọ àwọn ọmọ wa. Ó ní ọmọ wa obìnrin wọ aṣọ kan wá, òun bi í pé àwọ̀ kí ni, ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní, "Mo kàn bi í léèrè àwọ̀ aṣọ ni o."

Ọjọ́ méjìlá ló kù.

Mo kúrò lórí fóònù, mo jókòó sórí àpáta náà títí ó fi tutù lábẹ́ mi. Mo ń rántí bó ṣe máa ń dijú kan tó bá ń kó òwú sí abẹ́rẹ́, tó máa yọ ahọ́n díẹ̀ síta bí ọmọ ilé ìwé. Mi ò sọ fún un rí pé mo máa ń wò ó. Tí mo bá sọ, ó máa dá a dúró.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá

Mo rẹ́ ẹ ní ìgbà kẹta. Ọ̀wọ́n epo dé bá ẹ̀rọ omi. Ẹrẹ̀ ló ń fà jáde nínú kàǹga.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lánàá ni a rọ́ ìwọ̀nba omi tí kàǹga ní sínú adágún, kò ju ìdajì lọ. Lọ́sàn-án òní, nígbà tí oòrùn mú tí gbogbo ayé ń sùn, èmi ò rí oorun sùn. Mo dìde, mo ní kí n lọ wo omi mi. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbọ́ tí omi ń dún ṣọ̀ọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ti dé ẹ̀yìn ibẹ̀, inú ni mo dojú kọ.

Mo yí lọ sẹ́yìn. Ìyá Kúkúrú ló wà níbẹ̀, ó ká aṣọ sókè dé orúnkún, ó fi ọkọ́ la ojú omi sáàárín ẹ̀fọ́ ẹ̀. Gbogbo ìlú ló gbẹ bí ẹran àgbígbẹ, àyàfi oko ẹ̀fọ́ yìí. Ó tutù yọ̀yọ̀. Pákó mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tòun tàkísà.

"Ìyá Kúkúrú!"

Kò tilẹ̀ ta gìrì. "Arúgbó, o ò sùn?"

"Omi ìrìbọmi lo fi ń bomi rin ẹ̀fọ́?"

"Kí ló ṣe? Ẹ̀fọ́ ò lè gbàgbọ́ ni?"

Ọjọ́ mìíràn ni, mi ò bá ti rẹ́rìn-ín títí màá fi jókòó sílẹ̀. Mo pariwo lé e lórí. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì! Ìgbà mẹ́ta ni mo ti rẹ́ ògiri! Mo ní mo ti ń bú ara mi lójoojúmọ́ nítorí òòlù.

Ó ní, "Mò ń wò ọ́. O mọ ilé rẹ́."

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ó fi ọkọ́ lélẹ̀. "Pásítọ̀ sọ lójú gbogbo wa pé tí wọ́n bá ti rì wá bọmi, o máa lọ. Ìyàwó ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti fẹ́ẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó sọ pé ó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé bí omi bá dúró, ìwọ ò ní dúró. Ta ló kù tí yóò máa bú mi? Ìyàwó ẹ tó ń jẹ adìẹ, ó lè dúró dè ọ́ díẹ̀."

Mo la ẹnu láti fi nǹkan kan dá a lóhùn, irú èyí tí mo máa ń sọ. Mi ò rí i. Mo wá a lẹ́nu mi títí, kò sí níbẹ̀. Ohun tó jáde ni pé ojú ọ̀tún ti fọ́, ọjọ́ Tọ́sìdé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe èyí tó kù, ó sì ní òun fẹ́ rí mi kí wọ́n tó bò ó.

Ìyá Kúkúrú tẹjú mọ́ ẹ̀fọ́ ẹ̀. Omi ń ṣàn lọ láàárín wa.

"O ní ó sanra."

"Mò ń ṣeré ni."

"Eré yìí gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ, Arúgbó. Ká ní o ti sọ fún mi, mi ò bá ti fi itọ́ mi kún un fún ọ."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú pákó, ó kì í bọ ẹnu páìpù, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a wọlé. Kò bẹ̀ mí. Èmi náà ò bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó lọ.

Kò sí omi nínú kàǹga mọ́. Mọ́tò tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ló ń lọ.

Fúráìdé, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó jí. Ìyá Kúkúrú ló ṣíwájú pẹ̀lú korobá lórí, àwọn mẹ́wàá yòókù tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ wọn, Bíríkìlà àti ìyàwó ẹ̀, títí kan àwọn tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì rí. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí omi. Wọ́n ń da omi lọ. Ìgbà tí mo rí i pé ìkòkò omi mímu obìnrin kan ló wà lórí ẹ̀, tòun ti ife tí wọ́n fi ń bù ú, mo mọ̀.

Mo ní, "Kí lẹ ó máa mu?"

Ìyá Kúkúrú ní, "A ó máa mu ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, ṣebí kì í gbẹ."

Wọ́n ń rọ́ ọ títí oòrùn fi kan àtàrí. Pásítọ̀ bọ́ kóòtù ẹ̀, òun náà gbé korobá. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín. Eyín ẹ̀ funfun, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Omi dúró. Mo fi èékánná sàmì sí ara ògiri, ó wà níbẹ̀ láàárọ̀, ó wà níbẹ̀ lálẹ́.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mọ́kànlá wọlé, mọ́kànlá jáde.

Ìyá Kúkúrú ló kẹ́yìn. Ara mi ni mo fi wọn adágún náà, mi ò ronú kan ẹni kúkúrú. Omi mù ún dé àgbọ̀n. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, Ìyá Kúkúrú sì sọ fún un, gbogbo wa gbọ́ ọ, "Má tẹ̀ mí púpọ̀ o, mo ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Ìgbà tó jáde, ó nu ojú, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò káàkiri. Mo mọ ẹni tó ń wá. Ibi tí ìyàwó mi máa ń dúró sí pẹ̀lú aṣọ ìnura ni mo lọ dúró sí, mo na aṣọ náà sí i. Ó gbà á. Kò bú mi.

Mo gun àpáta. Mo ní, "Mọ́kànlá."

Ó ní, "Ìyá Kúkúrú ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà nínú ẹ̀."

Mo gbọ́ tó ń fun imú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí lo ṣì ń ṣe níbẹ̀?"

Túsìdé, ọjọ́ kejìdínlógún

Pápákọ̀ òfurufú ni mo wà, mo ń kọ èyí lórí orúnkún.

Lánàá, gbogbo wọn ló wá sídìí mọ́tò. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, Bíríkìlà gbá mi mọ́ra tó fẹ́ẹ̀ fọ́ mi. Ìyá Kúkúrú nìkan ni mi ò rí. Mo ní kí dírẹ́bà dúró, mo rìn dé ilé ẹ̀. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ṣa òkúta kúrò lára ẹ̀wà.

Mo ní, "Mò ń lọ o."

Ó ń ṣa òkúta lọ.

Mo ní, "Ìyá Kúkúrú, mo ní mò ń lọ. Ó dìgbà."

Ó ní, "Mi ò gbọ́."

"Wá dágbére fún mi, kí n lè lọ."

Ó ní, "Ìyàwó ẹ lọ, mo dágbére fún un, kò padà wá. Ìwọ, mi ò ní dágbére fún ọ. Ẹni tí mi ò bá dágbére fún, kò tíì lọ. Kúrò nínú oòrùn mi."

Mo dúró. Mo wá yẹ̀yẹ́ tí mo lè fi ṣe é, mo rí mẹ́ta, mi ò lo ọ̀kankan. Mo padà sídìí mọ́tò.

Ọ̀túnla ni iṣẹ́ abẹ. Alẹ́ òní, màá délé, màá sún mọ́ ọn dáadáa, màá dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà kó lè wò mí kó sú u. Ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti bí oṣù kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti àná ni mo ti jókòó sórí àga irin yìí, tí mò ń wẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró díẹ̀, ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá bú u.

Wọ́n ti ń pe ọkọ̀ wa.